Ìpolówó Ọjà Lórí Wẹ́bùsáìtì Ẹgbẹ́: Èrè Rẹ̀ àti Ohun Tó Ń Kọ Wá Lóminú

(Ọ̀rọ̀ tí akọ̀wé ẹgbẹ́ bá àwọn ọmọ ẹgbẹ́ àti àwọn olùrànlọ́wọ́ sọ níbi ìpàdé gbogbogbò Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ̀)

  



Níbi ìpàdé tí a ṣe kẹ́yìn, àwọn ọ̀dọ́ wa mú ìwé kan wá síwájú ìgbìmọ̀. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò gùn. Wọ́n ní wẹ́bùsáìtì tí ẹgbẹ́ wa ní, níbi tí a ti ń ṣàlàyé bí a ṣe ń ṣírò sàká tí a sì ń gbé ìròyìn ìnáwó wa sí, lè máa pa owó wọlé bí a bá gbà kí wọ́n máa fi ìpolówó ọjà sí i. Wọ́n ní dọ́là ni owó náà yóò jẹ́, a ó sì máa fi san owó ilé-ìwé àwọn ọmọ òrukàn. Bí wọ́n ṣe ka ìwé náà tán ni ariwo sọ. Àwọn kan nínú àwọn àgbà ní haráámù ni, wọn kò tíì béèrè bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn ọ̀dọ́ ní owó ọ̀fẹ́ ni, àwọn náà kò tíì ka òfin tó wà nídìí rẹ̀ tán. Alága wá ní kí àwa tí a wà ní ọ́fíìsì lọ wádìí ọ̀rọ̀ náà, kí á wá jábọ̀. Àbọ̀ náà nìyí.

Kí á tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí á rántí ohun tó bí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ mẹ́sàn-án ló wà lórí ìwé wa lónìí tí a kò tíì rí owó ilé-ìwé wọn san ní táàmù yìí, méjì nínú wọn ló sì fẹ́ ṣe ìdánwò WAEC. Owó tí ẹ̀yin olùrànlọ́wọ́ ń mú wá kò dín kù, ohun tí owó náà ń rà ni ó dín kù. Ẹni tó ti ń mú 5,000 náírà wá lóṣooṣù láti ọjọ́ pípẹ́ ṣì ń mú un wá, Ọlọ́hun yóò fi rere san án, ṣùgbọ́n gbogbo wa la mọ iye tí wọ́n ń ta kóńgò ìrẹsì kan ní Ọjà Ọba báyìí. Nítorí náà àwọn ọ̀dọ́ wa kò ṣẹ̀. Ohun tó ń dun gbogbo wa ló dun àwọn náà tí wọ́n fi wá ọ̀nà.

Báwo ni owó yìí ṣe ń wọlé? Ẹ jẹ́ kí á fi ilé kan tó wà lójú títì ṣe àpẹẹrẹ, ká ní ó wà nítòsí ẹnu ọ̀nà Pólì Rufus Giwa. Bí ẹni tó nilé kò bá tilẹ̀ ta nǹkan kan, àwọn oníṣòwò yóò máa wá bẹ̀ ẹ́ pé kí ó jẹ́ kí àwọn kan pátákó mọ́ ògiri rẹ̀, nítorí pé ẹsẹ̀ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í wọ́n níbẹ̀. Owó ògiri ni yóò máa gbà. Wẹ́bùsáìtì ni ògiri yìí. Èrò tó ń kọjá ni wọ́n ń sanwó lé lórí, kì í ṣe ohun tí a kọ síbẹ̀, bí ó ti wù kó dára tó.

Láyé ìbẹ̀rẹ̀ íntánẹ́ẹ̀tì, ẹni tó ni ògiri ló ń wá àwọn oníṣòwò fúnra rẹ̀. Ìpolówó irú èyí tó kọ́kọ́ lókìkí jáde ní Amẹ́ríkà ní oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1994, lórí ojú-ewé tí wọ́n ń pè ní HotWired. Ní 2003 ni Google gbé ètò AdSense jáde, tí ó sọ ara rẹ̀ di alárinà. Google ló ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò, òun ló ń wá ògiri tí yóò kan pátákó náà mọ́, lẹ́yìn náà ni ó ń pín owó pẹ̀lú ẹni tó ni ògiri. Ní 2010 ó kéde pé nínú 100 dọ́là tí ìpolówó bá pa lórí ojú-ewé ẹlòmíràn, 68 ni òun ń fún ẹni tó ni ojú-ewé. Ẹ má ṣe rò pé òwò kékeré ni o. Ní ọdún 2023 nìkan, owó ìpolówó tó wọ àpò Google lé ní bílíọ̀nù 230 dọ́là.

Ṣùgbọ́n owó náà kì í yá bí àwọn ènìyàn ṣe ń rò. Bí tìrẹ bá di 10 dọ́là, wọ́n á fi lẹ́tà tí nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ, lẹ́tà oníbébà bíi ti ayé àtijọ́, kí wọ́n lè mọ̀ pé àdírẹ́sì rẹ kì í ṣe irọ́. Bí o kò bá fi nọ́ńbà náà hàn wọ́n láàrin oṣù mẹ́rin, ìpolówó á dáwọ́ dúró. Wọn kì í sì í sanwó jáde àfi bó bá pé 100 dọ́là.

A kò ní purọ́ pé èrè kò sí níbẹ̀. Ní Nàìjíríà wa níbí, Seun Osewa dá Nairaland sílẹ̀ ní 2005, owó ìpolówó ló sì fi ń gbé e ró. Linda Ikeji bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní 2006. Nígbà tó yá, owó ìpolówó sọ ọ́ di olówó tí gbogbo ènìyàn mọ̀. (A kò mú orúkọ rẹ̀ wá láti fi yin irú ìròyìn tó ń gbé jáde. Ohun tí a ń sọ ni pé owó wà níbẹ̀.) Dọ́là náà sì tún ti di ohun mìíràn láti oṣù Òkúdù 2023 tí ìjọba ti fi iye rẹ̀ sílẹ̀ fún ọjà. 100 dọ́là tí kò tó 50,000 náírà ní ìṣirò ìjọba níbẹ̀rẹ̀ ọdún náà ti lé ní 140,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Ìyẹn lè san owó ilé-ìwé ju ọmọ kan lọ. Èrè mìíràn tí àwa fúnra wa fẹ́ràn ni pé owó bẹ́ẹ̀ kì í da olùrànlọ́wọ́ láàmú. Ó máa ń tì wá lójú nígbà mìíràn láti tún tẹ ẹni tó fún wa lówó ní oṣù tó kọjá láago.

Nítorí náà, a dán an wò. Ẹ má bínú pé a kò kọ́kọ́ sọ fún yín, ìgbìmọ̀ ló fọwọ́ sí i, oṣù mẹ́rin péré ni. Iléeṣẹ́ alárinà kan ni a bá dòwò pọ̀. A kò ní dárúkọ rẹ̀, nítorí pé kò ṣẹ̀ wá, bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rí náà nìyẹn. Nínú oṣù Rámádáánì, èrò pọ̀ lójú-ewé wa. Àwọn ènìyàn ń wá nísáàbù, wọ́n ń wá iye sàká ìtúnu ààwẹ̀. Lẹ́yìn ọdún ìtúnu ààwẹ̀, ó dákẹ́ lọ gbáà, bíi mọ́sálásí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Nígbà tí oṣù mẹ́rin pé, owó tó kó jọ kò tíì tó èyí tí wọ́n máa ń san jáde. Ìdí rẹ̀ ni pé àwa náà la ń ka ìwé ara wa. Bẹ́ẹ̀ náà ni iye tí wọ́n ń san lórí ẹni tó ń wò ó láti Ọ̀wọ̀ kò tó iye tí wọ́n ń san lórí ẹni tó ń wò ó láti London tàbí Amẹ́ríkà.

Tí ó bá jẹ́ kékeré tí owó náà kéré nìkan ni, a ò bá ní kí á ní sùúrù. Ohun méjì mìíràn ló ṣẹlẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó wà ní London ya fọ́tò ojú fóònù rẹ̀, ó fi ránṣẹ́ sí wa. Àlàyé tí Ààfáà wa kọ lórí ohun ìní ọmọ òrukàn ló wà lókè. Nísàlẹ̀ rẹ̀ gan-an, tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù. Ó béèrè pé, “Ẹ̀yin bàbá mi, ṣé ẹ̀yin lẹ gbé èyí síbẹ̀ ni?” A sáré ṣí ojú-ewé náà lórí kọ̀ǹpútà wa ní Ọ̀wọ̀, ìpolówó jẹnẹrétọ̀ la rí. A ṣí i lẹ́ẹ̀kejì, ìpolówó ẹní àti tìmùtìmù la rí. Ìgbà yẹn ló tó yé wa dáadáa pé pátákó tó wà lára ògiri yìí kì í ṣe ọ̀kan ṣoṣo. Láti 2009 ni Google náà ti ń wo ohun tí ènìyàn ti ń kà kiri lórí íntánẹ́ẹ̀tì kí ó tó yan ìpolówó tí yóò fi hàn án, àwọn alárinà yòókù náà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí alága ń rí yàtọ̀ sí ohun tí akápò ń rí, ohun tí ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń rí sì yàtọ̀ sí tàwọn méjèèjì. Ọ̀dọ́ kan ní bóyá ará London yẹn ló ti ń wo tẹ́tẹ́ tẹ́lẹ̀. A ní kó sinmi, ọmọlúwàbí ni ọmọ náà, bọ́ọ̀lù lásán ló fẹ́ràn.

Òótọ́ ni pé àwọn ilẹ̀kùn kan wà tí ẹni tó ni ojú-ewé lè tì. O lè sọ pé o kò fẹ́ ti tẹ́tẹ́, o kò fẹ́ ti ọtí. A ti ohun tí a rí tì. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jókòó ti fóònù gbogbo ènìyàn láti mọ ohun tó ń jáde níbẹ̀? Owó èlé gan-an, oríṣiríṣi aṣọ ló máa ń wọ̀. Òní á pe ara rẹ̀ ní ìrànlọ́wọ́ kíákíá, ọ̀la á pe ara rẹ̀ ní ọ̀rẹ́ oníṣòwò.

Èyí tó dùn wá jù kò ti ọ̀dọ̀ iléeṣẹ́ kankan wá, àárín ara wa ló ti wá. Ìyá wa kan tí gbogbo wa mọ̀ sí onínúure gbọ́ pé bí ènìyàn bá tẹ ìpolówó, owó ń wọlé fún ọmọ òrukàn. Ó bá sọ fún àwọn obìnrin lẹ́yìn Àsàlátù pé kí oníkálùkù máa ṣí ojú-ewé wa láràárọ̀, kí wọ́n máa tẹ gbogbo ohun tó bá ń tàn yanran níbẹ̀, sàráà ni. Àwọn ọmọ ilé kéwú gbọ́, àwọn náà gbé fóònù àwọn òbí wọn. A kò bá ìyá náà wí. Àwa la kò ṣàlàyé fún un.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí á béèrè pé owó ta ni? Obìnrin kan tó ń ta aṣọ ní Ìbàdàn, ká ṣe àpẹẹrẹ, ló fi owó sílẹ̀ fún alárinà pé ẹni tó bá fẹ́ wo ọjà òun, kí ó tẹ ibí. Gbogbo ìgbà tí a bá tẹ̀ ẹ́ láìní ọjà rà lọ́kàn, owó obìnrin yìí ló ń dín, tí kò rí oníbàárà kankan. Ó lè jẹ́ opó. Ó lè jẹ́ pé òun náà ń fi òwò yẹn tọ́ ọmọ òrukàn. A wá ń mú owó lápò rẹ̀ láìjẹ́ pé ó mọ̀, a ń pè é ní sàráà. Òfin AdSense pàápàá kọ̀ ọ́. Ẹni tó ni ojú-ewé kò gbọdọ̀ tẹ ìpolówó tó wà lórí rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ bẹ ẹnikẹ́ni kí ó bá òun tẹ̀ ẹ́. Wọ́n lè ti àkáǹtì onítọ̀hún pa nítorí rẹ̀. Bí àwọn tí kò ṣe Mùsùlùmí bá lè fi òfin de ìyẹn, kí ni àwa fẹ́ wí?

Lọ́jọ́ tí a gbọ́ ọ ni a yọ ìpolówó náà kúrò. A kọ̀wé sí iléeṣẹ́ náà, a sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún wọn, a sì ní a kò béèrè owó tó wà nílẹ̀.

Àwọn Ààfáà wa ló mọ̀ jù wá lọ, wọ́n sì wà níbí, kí wọ́n tún un ṣe bí a bá ṣìṣe. Ohun tí àwa rí kà ni pé nígbà tí Àlùkùráánì ń sọ̀rọ̀ ọtí àti tẹ́tẹ́ nínú Súrátù Bákárà ẹsẹ̀ 219, kò sọ pé kò sí àǹfààní níbẹ̀. Ó gbà pé àǹfààní wà fún ènìyàn, ó sì sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ ibẹ̀ tóbi ju àǹfààní rẹ̀ lọ. Ìwọ̀n ló gbé ka iwájú wa. Nínú Súrátù Nísáì ẹsẹ̀ 2, níbi tí ó ti pàṣẹ kí á fún àwọn ọmọ òrukàn ní ohun ìní wọn, ó kìlọ̀ pé kí á má fi ohun tí kò dára pààrọ̀ èyí tó dára. Ìpolówó fúnra rẹ̀ kì í ṣe haráámù. Ẹni tó bá ní ọjà haláálì tó sì ń sọ òótọ́ nípa rẹ̀ lè polówó. Ohun tó wà níwájú wa ni pé a kò mọ ẹni tó ń kan pátákó mọ́ ògiri wa, ọmọ òrukàn sì ni a fẹ́ fi owó rẹ̀ bọ́.

Ohun kan tún wà níbẹ̀ tí kò kan haráámù rárá, ọgbọ́n ayé ni. Orí Blogger, tí ó jẹ́ ti Google, ni Linda Ikeji wà ní oṣù Ọ̀wàrà 2014 nígbà tí wọ́n ti ojú-ewé rẹ̀ pa nítorí ẹ̀sùn pé ó ń lo iṣẹ́ oníṣẹ́. Wọ́n ṣí i padà, ṣùgbọ́n ẹni tó lókìkí tó yẹn ni. Bí ó bá jẹ́ àwa tí a wà ní Ọ̀wọ̀ ni wọ́n tì pa, ta ni yóò gbọ́ ẹjọ́ wa? Tí ó bá sì jẹ́ pé orí owó yẹn la gbé owó WAEC ọmọ kan lé ńkọ́?

Àwọn ọmọ ìgbìmọ̀ méjì kò gbà pẹ̀lú wa, ó sì yẹ kí ẹ gbọ́ tiwọn. Wọ́n ní ṣebí a máa ń sanwó fún rédíò láti gbé wáàsí wa sáfẹ́fẹ́ nínú Rámádáánì. Nígbà tí wáàsí bá parí, wọ́n á polówó ọtí bíà. Ṣé a yọ wáàsí kúrò nítorí rẹ̀? Ọ̀rọ̀ gidi ni, a sì rò ó fún ọ̀sẹ̀ méjì. Èsì wa ni pé rédíò kì í pín owó bíà fún wa. Àwa la sanwó fún àkókò tiwa, ohun tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn rẹ̀ tiwọn ni. Níbi ìpolówó alárinà, a máa ń jẹ nínú rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì gbà fún wa. Èkejì kò tíì gbà títí di àárọ̀ yìí, ó sì wà níbí.

Àwọn kan ní kí á má gba ìpolówó kankan rárá, kí á ṣe bíi Wikipedia. Òótọ́ ni, Wikipedia tí èdè Yorùbá náà ní tirẹ̀ kì í gba ìpolówó. Ní 2002 tí wọ́n gbọ́ pé ó ṣeé ṣe kó máa gbà á, púpọ̀ nínú àwọn tó ń kọ ti èdè Sípéènì kó ẹrù wọn, wọ́n lọ dá tiwọn sílẹ̀. Ọrẹ àwọn òǹkàwé ni wọ́n fi ń gbé e ró títí di òní. Ó dùn ún gbọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo ayé ló ń ka Wikipedia. Tiwa kò tíì kọjá Ìfọ̀n.

Ohun tí àwa rò nìyí. Ṣé a kì í gba ìpolówó tẹ́lẹ̀ ni? Ẹ wo ìwé àkókò sààrì àti ìṣínu tí a máa ń tẹ̀ lọ́dọọdún. Orúkọ ẹni tó ń mọ búlọ́ọ̀kù wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ti onítẹ̀wé wà níbẹ̀, ti ẹni tó ń ta àgbò wà níbẹ̀ pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù. Kò sí ẹni tó pariwo haráámù rí, nítorí pé a mọ ilé wọn. Bí búlọ́ọ̀kù bá fọ́, a mọ ẹni tí a ó bá sọ̀rọ̀. Nairaland náà ń ta ààyè ìpolówó rẹ̀ fúnra rẹ̀ fún àwọn oníṣòwò. Ẹ jẹ́ kí á ṣe bẹ́ẹ̀ lórí wẹ́bùsáìtì wa.

Àwọn tí a bá mọ̀ tí a sì mọ ọjà wọn nìkan ni kí á gbà, kí Ààfáà kan àti obìnrin kan wà nínú àwọn mẹ́ta tí yóò máa wo ìpolówó kọ̀ọ̀kan kí ó tó jáde. Owó ọdún kan ni kí wọ́n máa san, kí ó má ṣe jẹ́ iye ìgbà tí ènìyàn tẹ̀ ẹ́, kí ẹnikẹ́ni má baà tún ní ìdí láti máa tẹ nǹkan láràárọ̀. Ìpolówó kò gbọdọ̀ sí ní ojú-ewé tí fọ́tò ọmọ òrukàn bá wà. A kò lè fi ojú ọmọ aláìní bàbá ta búlọ́ọ̀kù. Òfin ìjọba náà wà níbẹ̀. Àjọ ARCON, tí òfin 2022 gbé kalẹ̀, ló ń ṣàkóso ìpolówó ní Nàìjíríà, wọ́n sì ní kí wọ́n máa yẹ ìpolówó wò kó tó jáde. Ọmọ ẹgbẹ́ wa kan tó jẹ́ lọ́yà ti gbà láti bá wa wo bí ó ṣe kan irú tiwa.

Ní ti owó rẹ̀, kì í ṣe sàká. Àwọn mẹ́jọ tí sàká tọ́ sí wà nínú Súrátù Táúbà ẹsẹ̀ 60, owó sàká sì ní àkáǹtì tirẹ̀. Owó ìpolówó kò gbọdọ̀ bá a pàdé. Ìmọ̀ràn wa ni pé kí á máa fi san owó wẹ́bùsáìtì, owó bébà àti epo ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ sí Ìfọ̀n àti Òkèlúsè láti bẹ àwọn ọmọ wò, kí ohun tí ẹ bá mú wá nítorí ọmọ òrukàn lè dé ọwọ́ ọmọ òrukàn láìdín kọ́bọ̀.

Oníṣòwò mẹ́ta ló ti fi orúkọ sílẹ̀. Owó wọn kò ní lè san ti àwọn ọmọ mẹ́sàn-án yẹn, a kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò bẹ́ẹ̀. Akápò wa wà lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìwé orúkọ wọn àti iye tó kù lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, àwọn oníWAEC méjì ló wà lókè. Lẹ́yìn ìrun Àsárì ni a ó dìbò lórí ọ̀rọ̀ ìpolówó. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kí ó dìde nísinsìnyí. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ gbọ́ ti ọmọ ìgbìmọ̀ wa tí kò tíì gbà.